Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Ka Àwòdì Tó Ń Kọjá Lójú Ọ̀run?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé nígbà ìwọ́wé, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń jókòó sórí òkè láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa ka àwòdì tó ń ṣí lọ sí ilẹ̀ tó móoru. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn kò ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì? Kí sì ni iye náà wúlò fún, nígbà tí kò sí ẹni tó lè rí gbogbo ẹyẹ tó kọjá?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn àgbà ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ohun tó ń mú ẹyẹ wọ̀nyí gba orí òkè gbọọrọ nìyẹn gan-an: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ òkè, òkè ló máa gbà lọ, ẹyẹ á sì na ìyẹ́ lé e, á máa bá a lọ láìfi bẹ́ẹ̀ ju apá. Ní Hawk Mountain, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ ló ń dúró dè wọ́n tìbọn-tìbọn tẹ́lẹ̀, títí Rosalie Edge, obìnrin kan tó ń jà fún ààbò ẹyẹ, fi gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1934 láti dáàbò bò wọ́n. Ọdún yẹn náà ni Maurice Broun bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n níbẹ̀.

Ní ti kíkà lẹ́ẹ̀mejì, ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò kì í ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà lásán. Èyí tó bá ti kọjá ibi tí ẹni tó ń kà jókòó sí, tó sì forí lé gúúsù, ni wọ́n ń kà. Èyí tó kàn ń rà bàbà lójú kan, ọmọ ilé ni, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó le jù ni àwòdì tí wọ́n ń pè ní broad-winged hawk, tó máa ń pọ̀ gan-an ní àárín oṣù kẹsàn-án. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè máa yí po nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ròkè, ẹni tó bá sì fẹ́ kà wọ́n níbẹ̀, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí. Ẹni tó gbọ́n á ní sùúrù títí wọ́n á fi dé òkè pátápátá, tí wọ́n á wá máa já jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí èèrà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìgbà náà ni yóò máa tẹ ẹ̀rọ kékeré tó fi ń kà wọ́n, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, tí ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí á rò pé ó dára jù, ló ń fìyà jẹ wọ́n, nítorí ẹyẹ tó ga kì í hàn láìsí àwọsánmà lẹ́yìn rẹ̀.

Òótọ́ ni ẹ sọ pé wọn kò lè rí gbogbo wọn. Wọn kò sì sọ pé àwọn rí gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìyàtọ̀ láàárín ọdún kan àti òmíràn, bí a bá ń kà lójú kan náà, ní ọ̀nà kan náà. Láàárín 1935 sí 1939, nǹkan bí 40 nínú gbogbo 100 idì olórí funfun tí wọ́n kà ní Hawk Mountain ló jẹ́ ọmọ idì, tí orí wọn kò tíì funfun. Láàárín 1955 sí 1959, ó ti wálẹ̀ sí 20. Àwọn àgbà idì ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ mọ́. Òǹkọ̀wé Rachel Carson lo iye wọ̀nyí nínú ìwé tó kọ ní 1962 lórí ewu oògùn apakòkòrò, Amẹ́ríkà sì fòfin de DDT, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, ní 1972. Lójú tiwa, kò sí ohun tó tún lè dáhùn ìbéèrè yín kejì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí rèé tí wọ́n fi ń kọ iye ẹyẹ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí òtútù ṣe mú tó àti iye ènìyàn tó ń wò. Bí wákàtí kan bá kọjá tí ẹyẹ kankan kò yọjú, òdo ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.