Ṣé kí n yọ jíà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ mi kékeré, oníjíà ọwọ́, ń mu epo jù. Mo máa ń yọ jíà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí epo lè dín. Ṣé ó dáa? (Òǹkàwé kan, Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ mọ́. Bí ọkọ̀ yín kì í bá ṣe oníkábúrétọ̀ (irú ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà tó ń darí epo), tí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú jíà, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, kò ní fa epo rárá. Táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá yọ jíà, ẹ́ńjìnnì á tún máa mu epo kó má bàa kú, bíréèkì nìkan ló sì kù tí yóò dá ọkọ̀ dúró. Ewu ni.

Kí epo lè dín, ẹ máa gbé jíà sókè kí ẹ́ńjìnnì tó kọjá yíyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan (RPM). Afẹ́fẹ́ táyà, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn. Iye rẹ̀ sábà máa ń wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀.