Ìbéèrè Yín Lórí Ìlera: Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ikùn Tí Ó Tóbi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà wa. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo, mo sì ti pé ọmọ ọdún 51. Nígbà tí mo ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi tí wọ́n ń pè ní traigilísẹ́ráìdì jẹ́ 2.3, HDL tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀rá rere jẹ́ 0.9, LDL tí wọ́n ní ó jẹ́ ọ̀rá búburú jẹ́ 3.1, ṣúgà kí n tó jẹun jẹ́ 6.1, ìfúnpá mi sì jẹ́ 136/88. Wọ́n ní àpapọ̀ wọn ni à ń pè ní metabolic syndrome. Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹyin àti epo pupa tì, tí mo sì ń fi búrẹ́dì àti mọ́ọ̀tì ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ara kò ro mí rárá. Ṣé àrùn ni èyí, àbí wọ́n kàn ń dẹ́rù bà mí?

Ìdáhùn: Wọn kò dẹ́rù bà yín, sà. Ohun tí wọ́n dárúkọ kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Àmì márùn-ún tí ó máa ń tẹ̀lé ara wọn ni: ikùn tí ó tóbi, traigilísẹ́ráìdì tí ó ga, HDL tí ó kéré, ìfúnpá tí ó ń gòkè àti ṣúgà tí ó ti kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti kó sí i. Ààlà fún ọkùnrin ni 1.7 fún traigilísẹ́ráìdì, 1.0 fún HDL, 130/85 fún ìfúnpá, àti 5.6 fún ṣúgà kí a tó jẹun. Mmol/L ni wọ́n fi kọ èsì ọ̀rá àti ṣúgà yín; bí ilé àyẹ̀wò mìíràn bá fi mg/dL kọ ọ́, 150, 40 àti 100 ni ẹ óò máa wò fún traigilísẹ́ráìdì, HDL àti ṣúgà. Ẹ̀yin ti ní mẹ́rin. Ṣúgà yín kò tíì dé 7.0 tí à ń pè ní àtọ̀gbẹ, ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ báyìí.

Àmì karùn-ún, ìyẹn ikùn tí ó tóbi, ni ẹ kò kọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n wà lọ́rùn yín látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀wù, ẹ dúró ṣánṣán, ẹ fi ọwọ́ wá egungun ìhà tí ó kángun sísàlẹ̀, kí ẹ sì wá orí egungun ìbàdí; àárín méjèèjì ni kí téèpù gbà yí ara ká. Ẹ mí sóde, ẹ má fa ikùn wọlé. Ẹ má sì wọ̀n ọ́n níbi tí ẹ ti ń de ṣòkòtò, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ó ń de ṣòkòtò sábẹ́ ikùn, tí wọ́n á sì rò pé ìbàdí àwọn kò tóbi. Bí ó bá ti tó íǹṣì 37 fún ọkùnrin, tàbí íǹṣì 31 àti ààbọ̀ fún obìnrin, ó ti kọjá ààlà. Ó máa ń dùn mí pé irú ikùn bẹ́ẹ̀ ni a ṣì ń kí ènìyàn kú oríire sí lóde ìnáwó.

Nínú ikùn yìí gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rá tí ó kó jọ yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká máa ń mú kí ara kọ etí dídi sí ínsúlínì, èròjà tí ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Ẹ̀dọ̀ á wá máa sọ àjẹṣẹ́kù ṣúgà di traigilísẹ́ráìdì, á sì máa dà á sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìyẹn ti ń pọ̀ ni HDL tí ń kó ọ̀rá kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ń dínkù, tí kíndìnrín sì ń di iyọ̀ mú, títí ìfúnpá á fi gòkè. Ní ọdún 1988 ni Gerald Reaven, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé àìgbọ́ràn ara sí ínsúlínì ni ó so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Pé ara kò ro yín kò túmọ̀ sí nǹkan kan, nítorí ọ̀rá tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan kì í dunni títí di ọjọ́ tí ó bá dínà ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọkàn tàbí ọpọlọ.

Ẹ wá rí i pé ohun tí ẹ fi rọ́pò burú ju ohun tí ẹ pa tì lọ. Òótọ́ ni pé nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tí ń gbé LDL sókè, ó sì yẹ kí a dín in kù. Ẹyin kan lójúmọ́ kì í sábà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n traigilísẹ́ráìdì ni ó ga lára yín, búrẹ́dì funfun, mọ́ọ̀tì, mínírà, ọtí àti òkèlè ńláńlá lálẹ́ ni ó sì ń bọ́ ọ. Ẹ fi omi rọ́pò mọ́ọ̀tì pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín wà nínú oúnjẹ àárọ̀, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju àmàlà lọ nínú àwo, kí iyọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú mágì, má kọjá ṣíbí ìmu-tíì kan. Iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ yín, nítorí náà ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá wọn 90 kílò, tí ẹ sì dín kù tó kílò márùn-ún sí mẹ́sàn-án, gbogbo àmì márààrún lè yí padà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ tún àyẹ̀wò náà ṣe láìjẹun fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, kí ẹ sì mú èsì méjèèjì lọ bá dókítà yín. Òun ni yóò sọ bóyá oògùn kàn yín.

Fún àwọn mìíràn tí ń ka èyí: láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, traigilísẹ́ráìdì lè wà ní ìwọ̀n tó dára nígbà tí ara ti kọ etí dídi sí ínsúlínì. Ẹ má tìtorí rẹ̀ pa ìfúnpá, ṣúgà àti téèpù tì.

Ìbéèrè: Mò ń tajà ní ọjà Ìgbọ̀nà. Wọ́n fún mi ní oògùn atorvastatin nítorí kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù, irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, èsì mi sì ti dára báyìí. Ṣé mo lè dá a dúró, kí n máa mu àgbo?

Ìdáhùn: Oògùn náà ni ó mú èsì dára, mà. Ó ń dín kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè kù, kí ẹ̀dọ̀ lè máa fa LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá dá a dúró, LDL á tún gòkè láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹran ara bá ń ro yín láìnídìí, tàbí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí ó lóyún tàbí tí ó ń wá oyún gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ní ti àgbo, àwọn kan máa ń pa ẹ̀dọ̀ lára, nítorí náà ẹ má lò ó mọ́ oògùn yìí láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n kọ ọ́ sára kẹ́ẹ̀gì òróró pé kò ní kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù. Ṣé mo lè lò ó bó ṣe wù mí?

Ìdáhùn: Kò sí òróró ewéko tí ó ní kọlẹ́stẹ́rọ́ọ̀lù, nítorí ara ẹran ni èyí tí a ń jẹ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan nínú òróró èyíkéyìí ní nǹkan bí kálórì 120, ikùn ni àjùlọ rẹ̀ sì ń lọ. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sínú ìkòkò, ẹ má dà á látinú kẹ́ẹ̀gì.