Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Fún Ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, ní Ìbàdàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé òun ṣèèṣì fi kóòdù onínọ́ńbà 6 kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n jọ̀ọ́ bá òun dá a padà. Mo wo àtẹ̀jíṣẹ́ mi, mo rí nọ́ńbà náà lóòótọ́, mo sì fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí WhatsApp fi lé mi jáde, tí ẹnìkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ẹni méjì ti fi owó ránṣẹ́ kí n tó kígbe síta. Kí ni mo lè ṣe báyìí? Báwo ni mo sì ṣe lè dáàbò bo fóònù mi àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọmọ mi fi ń bá mi ṣírò ọjà, kí irú èyí má baà tún ṣẹlẹ̀? Àbí kí n kúkú jáwọ́ nínú íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ẹ má jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí oníbàárà yín wà níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gba WhatsApp yín padà. Ẹ ṣí i lórí fóònù yín, ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù yín sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì dúró de nọ́ńbà 6 tuntun tí yóò wọlé sórí síìmù yín. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, WhatsApp yóò lé olè náà jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ tún rí i pé ó ń béèrè PIN tí ẹ kò mọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé olè náà ti fi ti ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ẹ ó dúró fún ọjọ́ 7 kí ẹ tó lè wọlé láìlo PIN náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti jáde láti ìgbà tí ẹ ti tẹ nọ́ńbà 6 yẹn, kò sì lè fi orúkọ yín tọrọ kọ́bọ̀ mọ́.

Láàárín àkókò yìí, ẹ pe alága ẹgbẹ́ yín lórí fóònù, kí ó yọ nọ́ńbà yín kúrò nínú ẹgbẹ́ orí WhatsApp náà títí ẹ ó fi padà. Kí àwọn méjì tó fi owó ránṣẹ́ lọ sí báńkì tiwọn lónìí, kí wọ́n mú nọ́ńbà àkáǹtì tí owó náà lọ dání pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n fi í ránṣẹ́, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí wọ́n sì ní kí báńkì bá àwọn ti àkáǹtì náà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. N kò lè ṣèlérí pé owó náà yóò padà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé gbogbo wákàtí tó bá kọjá ni ó ń fún olè náà láyè láti gbà á jáde lọ́dọ̀ oníPOS kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Olè náà kò fọ́ nǹkankan. Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó ṣí WhatsApp, ó sì tẹ nọ́ńbà yín sí i bíi pé ẹ̀yin ni. WhatsApp kò mọ ojú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó fi nọ́ńbà 6 ránṣẹ́ sórí síìmù yín, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹni tí síìmù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò rí i. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí a má fún ẹlòmíràn. Ohun tó wá kù fún olè náà ni kí ó wá ẹni tí ẹ kò ní kọ̀ fún. Ọ̀rẹ́ yín kọ́ ni ó kọ̀wé sí yín. WhatsApp tirẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà mú òun pẹ̀lú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe bá a jà.

Ẹ ó sì ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó lọ bá. Àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yín wà lórí fóònù yín, wọn kò bá nọ́ńbà lọ sórí tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àkáǹtì Google yín kò bá ti sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ẹ wà nínú wọn ni ó tẹ̀lé e, ó sì rí nọ́ńbà gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti padà wọlé, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n kọ Settings sí, ẹ tẹ Account, kí ẹ tẹ Two-step verification. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti yan PIN onínọ́ńbà 6 tiyín, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín tàbí PIN káàdì báńkì yín. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ tún ṣèèṣì fún ẹnìkan ní nọ́ńbà inú àtẹ̀jíṣẹ́, kò ní rí ibi wọlé. Wọn yóò tún béèrè bóyá ẹ fẹ́ fi ímeèlì sí i. Ẹ fi sí i, nítorí òun ni yóò gbà yín bí ẹ bá gbàgbé PIN náà. Ẹ tún wo Linked devices. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹ lé e jáde.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà, tí kò sì gba pé kí ẹ sọ nọ́ńbà kankan fún wọn. Wọn yóò pè yín pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni àwọn ti ń pè, pé síìmù yín fẹ́ kú, kí ẹ tẹ *21* kí ẹ sì fi nọ́ńbà kan tẹ̀lé e kí ẹ tó tẹ #. Ohun tí ẹ tẹ̀ yẹn ń darí gbogbo ìpè yín sí fóònù wọn. WhatsApp sì lè fi ohùn pe ènìyàn láti ka nọ́ńbà 6 rẹ̀ fún un, nítorí náà àwọn ni wọn yóò gbé ìpè náà. Ẹ tẹ *#21# nísinsìnyí láti mọ̀ bóyá wọ́n ti darí ìpè yín síbì kan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ##002# ni yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Síìmù fúnra rẹ̀ tún nílò àgádágodo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi nọ́ńbà ti ojú fóònù, wọ́n sì rò pé ó tán. Ẹni tó bá jí fóònù náà lè yọ síìmù kí ó fi sínú fóònù tirẹ̀, kí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì máa wọlé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. PIN orí síìmù ni ó ń dènà èyí, nítorí fóònù tuntun yóò béèrè rẹ̀ kí síìmù tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kí ẹ tó yí i padà, ẹ má ṣe máa dán an wò. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù yóò tì pa, yóò sì béèrè PUK, ìyẹn nọ́ńbà mìíràn tí a fi ń ṣí síìmù tó ti tì pa. Bí ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà kú pátápátá nìyẹn.

Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọlọ́jà, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mọ iṣẹ́ tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nọ́ńbà àkáǹtì wà fún gbogbo ayé láti fi owó ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìsọ̀ yín bí ẹ bá fẹ́. BVN, tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2014, kò lè dá gbé owó jáde, ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ tó bá kà á fún yín lórí fóònù yóò mú kí ẹ gbà pé òṣìṣẹ́ báńkì ni lóòótọ́, nítorí náà ẹ má máa pín in kiri. PIN káàdì, nọ́ńbà 3 tó wà lẹ́yìn káàdì, àti nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ láti fi parí ìsanwó kan: àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ tí ń ṣí àpótí. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tó nílò wọn láti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gá àgbà. Ẹni tó bá béèrè wọn, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí, kí ẹ fúnra yín wá pe nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn káàdì yín.

Ti àwọn líǹkì tí ń wọlé sórí WhatsApp, pé ìjọba ń pín owó tàbí pé báńkì fẹ́ ti àkáǹtì yín pa, ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀kan papọ̀. Ká sọ pé ẹ rí èyí:

https://bankiyin.com.gba-ebun.xyz/wole

Ojú wa ń ka ìwé láti òsì, nítorí náà orúkọ báńkì ni a kọ́kọ́ rí, ọkàn wa sì balẹ̀. Ẹ fo ìlà méjì (//) tó wà lẹ́yìn https, ẹ wá ìlà kan ṣoṣo (/) tó tẹ̀lé e, kí ẹ wá ka ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ní apá òsì. Níhìn-ín, gba-ebun.xyz ni. Òun ni ó ni ilé náà. Gbogbo ohun tó ṣáájú rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn kọ “Ààfin Ọba” sára ilẹ̀kùn ahéré. Kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Bí àdírẹ́sì bá parí sí .com.ng tàbí .gov.ng, ẹ ka ọ̀rọ̀ kan sí i sí òsì. Ẹ má sì ṣe gbára lé àwòrán àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò ní ka ohun tí ẹ tẹ̀ lójú ọ̀nà; kò sọ irú ẹni tó ń dúró dè é lópin ọ̀nà náà.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìwọlé, tí gbogbo wa ń pè ní password, àlàyé mi kò gùn lọ títí. Kí ó gùn, kí ti ibì kan má sì jọ ti ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, bíi agbon-ojo-sepeteri-sibi, le fún olè ju orúkọ ọmọ yín àti 123 lọ, ó sì rọrùn fún yín láti rántí (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo èyí tí mo kọ yìí). Kò pọn dandan láti máa yí i padà lóṣooṣù. Láti ọdún 2017 ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀, ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fi dandan mú ènìyàn yí i padà bí kò bá sí àmì pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ímeèlì yín, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ibòmíràn ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí bí ẹnìkan bá ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ kọ wọ́n, kí ìwé náà wà nínú àpótí nílé. Èmi fara mọ́ ìyẹn ju kí ẹ máa lo ẹyọ kan níbi gbogbo lọ.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà. Ayàwòrán kan gbé tirẹ̀ wá bá mi, gbogbo àwòrán ìgbéyàwó tó yà fún àwọn oníbàárà ti yí orúkọ padà, kò sì sí èyí tó ṣí. Ìwé kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tó ní kí ó san owó dọ́là kí wọ́n tó bá a tú wọn. Mo béèrè ohun tó fi sórí rẹ̀ kẹ́yìn, ó ní ohun èlò àtúnṣe àwòrán tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ni òun rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní crack, tó sì kọ́kọ́ ní kí ó pa ohun tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà kí ó tó lè wọlé. Ó ní ẹ̀dà gbogbo àwòrán náà lórí háàdì díìsìkì kan, ṣùgbọ́n díìsìkì náà kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà, nítorí náà ohun tó ba ti inú jẹ́ ni ó ba ti ìta jẹ́. Ó dùn mí gan-an, torí n kò rí ọ̀kan gbà padà fún un.

Nítorí náà, kí ọmọ yín má ṣe fi crack sórí rẹ̀. Kí ó máa jẹ́ kí Windows gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe é ń fi ránṣẹ́, bó tilẹ̀ ń jẹ dátà. Nígbà tí WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa láti gba owó bíi ti ayàwòrán yẹn, jà káàkiri ayé ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, tí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń dá aláìsàn padà sílé, oṣù méjì ṣáájú ni Microsoft ti fi àtúnṣe tí ì bá dènà rẹ̀ síta. Àwọn tí kò gbà á ni ó mú. Kí ó tẹ bọ́tìnì Windows mọ́ R, kí ó kọ winver, kí ó tẹ Enter, yóò rí irú Windows tí kọ̀ǹpútà náà ń lò. Bí ó bá jẹ́ Windows 10, àtìlẹ́yìn rẹ̀ ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó sì yẹ kí ẹ bi oníṣẹ́ kan léèrè bóyá kọ̀ǹpútà náà lè gba Windows 11. Olùṣọ́ tó bá Windows wá tó fún irú iṣẹ́ tiyín; ẹ kò nílò láti ra òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra háàdì díìsìkì kékeré kan fún ìṣirò ọjà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kí ọmọ yín kó ìṣirò ọ̀sẹ̀ náà sí i, kí ó yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà bí ó bá ti ṣe tán, kí ẹ sì gbé e lọ sílé, kí ó má sùn ní ìsọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.