Kí Ni Iṣẹ́ Ṣẹ́lò Nínú Orin Mozart Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ṣẹ́lò ni mí ní Ìbàdàn. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì, tí ọ̀kan ń tẹ pìánò tí èkejì sì ń ta fáyólíìnì, ń kọ́ orin ẹlẹ́ni mẹ́ta tí Mozart kọ, K. 254 (K. ni àmì tí a fi ń to àwọn iṣẹ́ Mozart ní nọ́ńbà). Ohun tí ọwọ́ òsì atẹdùùrù ń tẹ̀ gan-an ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí èmi náà ń ta. Kí ló dé tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àkíyèsí yín tọ̀nà. Oṣù kẹjọ ọdún 1776 ni Mozart kọ orin yìí ní Salzburg, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ó sì pè é ní Divertimento, ìyẹn orin ìgbádùn. Lásìkò náà, sonata (orin alápá mélòó kan) fún dùùrù, tí fáyólíìnì àti ṣẹ́lò kàn ń gbè, wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwọn tó ń fi orin najú nínú ilé wọn, nítorí náà ẹni tó jókòó sídìí dùùrù ni olórí.

Ṣùgbọ́n àṣà nìkan kọ́. Lójú tèmi, ohun èlò fúnra rẹ̀ ni ìdí tó wúwo jù. Igi ni férémù pìánò ìgbà náà, okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, awọ ni wọ́n sì fi bo àwọn òòlù kéékèèké tó ń lu okùn náà. Bọ́tìnnì 61 ni èyí tí Anton Walter ṣe, tí Mozart lò ní Vienna lẹ́yìn náà, ní, nígbà tí ti òde òní ní 88. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ti harpsichord, irú dùùrù àtijọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń lò nígbà náà. Ṣẹ́lò, tí a ń fi ọ̀pá fa okùn rẹ̀, lè di ohùn kan mú pẹ́ títí, kí ó sì jẹ́ kí ìpìlẹ̀ orin náà dúró ṣinṣin. Ó dà bíi gúdúgúdú láàárín àwọn ìlù dùndún, tí kì í sọ̀rọ̀ bí ìyá ìlù, ṣùgbọ́n tí a kò gbọ́dọ̀ yọ kúrò.

Nígbà tí férémù irin dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn ìsàlẹ̀ pìánò di ńlá, ó sì bo ṣẹ́lò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, atẹdùùrù yín ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀: kí ó dẹ ọwọ́ òsì rẹ̀, kí ó sì fi ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Kí ẹ̀yin náà máa tẹ́tí sí i, kí ohùn yín má ṣe gùn ju tirẹ̀ lọ níbi tí ó bá ti ń tẹ ohùn kúkúrú.

Fáyólíìnì ti rí àyè tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ná. Nínú Adagio, ìyẹn apá tó ń lọ jẹ́jẹ́, òun àti pìánò ń gba orin lẹ́nu ara wọn. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá kí Mozart tó padà sí irú orin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú K. 496 àti K. 502 ní ọdún 1786, níbi tí ṣẹ́lò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Haydn, akọrin tó gbé láyé nígbà kan náà pẹ̀lú Mozart, kò yára yí padà ní tirẹ̀: àní nínú àwọn orin ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ó kọ ní London ní ọdún 1795, ọwọ́ òsì dùùrù ni ṣẹ́lò ṣì sábà máa ń tẹ̀lé. K. 502 ni kí ẹ mú lé èyí tí ẹ ń kọ́ lọ́wọ́.