Kí ni dúdú ń wá nínú àwòrán odò Ọ̀ṣun?

Ẹ ní ẹni tó ta àwòrán igbó Ọ̀ṣun yẹn fún yín sọ pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ ayàwòrán, ló ṣe kun igi àti omi dúdú báyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ta ló kọ́ ọ̀gbẹ́ni náà pé dúdú ni ìbànújẹ́?

Òkùnkùn là ń bẹ̀rù. Dúdú yàtọ̀. Àgbẹ̀ tó bá bá àgbàdo rẹ̀ lóko tó dúdú minimini, inú rẹ̀ á dùn. Ìgbà tí ewé bá pọ́n ni ìyọnu dé. Funfun, pupa, dúdú ni àwọn àgbà fi pín àwọ̀, abẹ́ dúdú ni ewé tútù àti aró sì wà. Ẹ ò gbọ́ "adúmáadán" rí ni?

Òṣogbo gan-an ni kí ẹ jẹ́ ká wò. Wọ́n máa ń kì í pé "Òṣogbo onílé obì, onílé aró." Nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ ìlú náà dó, dé etí odò, igi kan tí wọ́n gé wó lu omi. Ni ohùn kan bá ké láti ìsàlẹ̀ pé: "Oṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Ọ̀ṣun ló ń sọ̀rọ̀. Aláró ni! Ayàwòrán tó bá kun omi rẹ̀ dúdú, aró tó dà sínú odò lọ́jọ́ náà ló kùn.

Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i, á di aró lójú wa. Ìyá àgbà á tún rì í, á tún sá a, á tún rì í, títí á fi dú, tí á máa dán. Èyí tó bá rì lẹ́ẹ̀kan péré, kì í jẹ́ kí a gbé e lọ sọ́jà. Sùúrù àti owó ló wà nínú dúdú yẹn.

Lónìí, fóònù lọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé sókè nínú igbó náà, èyí tí UNESCO ti kọ mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Ẹ bi wọ́n léèrè ìkòkò aró, wọn á máa wò yín lójú. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ tún wo etí omi nínú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, níbi tí àwọ̀ ewé ti ń wọnú dúdú. Bí aṣọ ìyá àgbà ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn, kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ ẹ tán.