Máńgòrò kọ́ ló ń fa ibà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Èmi àtàwọn ọmọ mi méjì ń bọ̀ nílé láti London ní April, wọn ò dé Nàìjíríà rí, máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo máa ń ròyìn fún wọn ló wà lẹ́nu wọn ṣáá. Màmá ọkọ mi wá ní kí n má jẹ́ kí wọ́n jẹ ju ẹyọ kan lọ lójúmọ́ torí ibà. Ṣé wọ́n lè jẹ méjì?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ká fi ti iye ẹ̀ sílẹ̀ ná. Máńgòrò kì í fa ibà, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ garawa kan. Ọdọọdún ni mò ń dáhùn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí gan-an, torí àwọn òbí á gba máńgòrò lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, abo anófẹ́lísì tó ń jẹni lóru, láti 1897 ni wọ́n ti rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé March sí May tí máńgòrò ń pọ́n náà ni òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, omi á dá rogún sí gbogbo kòtò, ẹ̀fọn á yé síbẹ̀, ọmọ á jẹ máńgòrò lọ́sàn-án, ẹ̀fọn á jẹ òun náà lóru. Ẹ tún gbọ́ o, tí ẹ̀fọn bá jẹ èèyàn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara tó gbóná. Ẹni tó jẹ máńgòrò lánàá tí ibà dé lónìí, ibà yẹn ti wà lára ẹ̀ kó tó fọwọ́ kan máńgòrò rárá. Àbí igi yìí náà kọ́ la ń bó èèpo ẹ̀, tá a ń já ewé ẹ̀ sínú àgbo ibà ni? (Mi ò ní kẹ́ ẹ fi àgbo rọ́pò oògùn o, ẹ jọ̀ọ́.)

Ohun tí mò ń bẹ̀rù fún yín gan-an nìyí: ọmọ tí wọ́n bí sí London, ara ẹ̀ ò mọ ibà rí, ibà lè gbé e ṣánlẹ̀ kíákíá, agbára tí ara tiyín fi ń bá ibà jà náà sì ti dínkù. Ẹ lọ rí GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó wọ báàlù, òun ló máa mọ oògùn ìdènà ibà tó bá ọjọ́ orí wọn mu, mi ò lè kọ ọ́ fún yín láti ibí. Ẹ lò ó tán pátápátá, títí kan ti ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá padà. Tí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, kódà láàárín ọdún kan lẹ́yìn tẹ́ ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wá sí Nàìjíríà, kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ti máńgòrò, ẹ rà á lójú títì Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ gbóòórùn ìdí ẹ̀. Èyí tó pọ́n rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ níta ṣùgbọ́n tí kò ta sánsán, tínú ẹ̀ ṣì le, ó lè jẹ́ pé kẹ́míkà kábáìdì ni wọ́n fi pọ́n ọn, NAFDAC ti kìlọ̀ nípa ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fomi tó mọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀bẹ bó o, torí oje ìdí ẹ̀ máa ń fún ẹlòmíì ní èérí ẹnu. Kí wọ́n wá jẹ méjì, mẹ́ta. Tẹ́nì kan bá ní àtọ̀gbẹ nílé, tiẹ̀ yàtọ̀ o, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀.

Ẹ bá mi kí màmá, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n bá yín ta nẹ́ẹ̀tì tuntun sí yàrá táwọn ọmọ máa sùn.