Ṣé àdìrẹ tó ń ṣí ni ayédèrú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aláró. Àdìrẹ la fẹ́ fi ṣe aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kí owó wa lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn aláró wa dípò kó máa lọ sí Ṣáínà. Mo ra ọ̀pá márùn-ún ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Mo rẹ ẹ́ sómi, omi dúdú kirikiri! Èyí tí mo rà n'Íbàdàn kò tó ìdajì owó yẹn, kò sì ṣí rárá. Ṣé kí n kó ti Ìbàdàn fún gbogbo ẹbí?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má tíì sanwó. Ta ló sọ fún gbogbo yín pé àdìrẹ tó bá ń ṣí, ayédèrú ni? Ó ti sú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn rọ àwọn tó ń ta èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà lọ́rùn, torí tiwọn kì í sábà ṣí.

Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Omi eérú la fi ń pò ó, kó tó lè wọ òwú lára. Àwọn tó ń lo aró òyìnbó ń fi sódà àti kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní háídírọ́ọ̀sì ṣe é. Bí mo bá fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró níṣojú mi. Èyí tó wọ òwú lára dúró nìyẹn. Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ ni omi ń ṣí kúrò ní ìfọ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Tó bá ṣì ń ṣí títí dé ìfọ̀ kẹwàá, aláró yẹn kánjú, kò ṣàn án dáadáa. Bá a jà. Iṣẹ́ burúkú nìyẹn, kì í ṣe ayédèrú. Iyọ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi rẹ ẹ́ kó má baà ṣí mọ́ ńkọ́? Ẹ fi se ọbẹ̀.

Yí ẹ̀yìn aṣọ Ìbàdàn yẹn síta, kó o wò ó. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá. Oníko, ìyẹn àdìrẹ tí a so ká tó rẹ ẹ́, tojú tẹ̀yìn ló jọra. Ẹlẹ́kọ ní tirẹ̀, ojú kan la ń fi ẹ̀kọ láfún yà, nítorí náà ẹ̀yìn á dúdú ju ojú lọ. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, wo àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó tí a yà sínú rẹ̀ dáadáa: bó bá jẹ́ ìyẹ́ adìẹ ló yà á, òpó kan á sanra ju èkejì lọ. Ti ẹ̀rọ, òpó tó wọ́ níbí á wọ́ bákan náà lọ́hùn-ún.

Má sì rò pé gbogbo ohun tó wà ní Ìtòkú la rẹ l'Ábẹ́òkúta. Ti Ṣáínà náà ti wọ ibẹ̀. Aṣọ funfun tí èmi gan-an ń rẹ, òkè òkun ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ ńlá bíi UNTL ti Kàdúná ti ilẹ̀kùn ní 2007, ìwọ̀nba ló kù tó ń hun aṣọ fún wa. Iṣẹ́ ọwọ́ lò ń sanwó fún: ẹni tó so ó, ẹni tó rẹ ẹ́, ọmọ tó tú u, ẹni tó lù ú.

Mi ò rí aṣọ méjèèjì o, nítorí náà má fi orúkọ mi lọ bá oníṣòwò kankan jà. Lọ bá aláró fúnra rẹ̀, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Sọ fún ẹbí pé àwọ̀ kò ní dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, kí wọ́n sá a síbòji, kí wọ́n tó gbé e fún télọ̀, kó má baà lọ fi aró kun aṣọ funfun ìyàwó lọ́jọ́ náà.